Tí Wọ́n Bá Fẹ́ Gba Omi Ọ̀pá Ẹ̀yìn Yín Nítorí MS: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Béèrè àti Bí Ẹ Ṣe Máa Ka Èsì Rẹ̀

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ bi dọ́kítà yín ni: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ máa gba ẹ̀jẹ̀ mi náà lọ́jọ́ yẹn?" Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kò séwu. Tó bá ní rárá, ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ fún un pé yàrá àyẹ̀wò á nílò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà lásìkò kan náà pẹ̀lú omi yẹn. Èmi ni mo máa ń jókòó ti àyẹ̀wò yìí, mo sì mọ ohun tí mò ń sọ. Túùbù omi ọ̀pá ẹ̀yìn máa ń dé ọ̀dọ̀ wa nígbà míì láìsí ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó bá a wá. Ẹnì kan ti ká ara kò, ó ti fara da abẹ́rẹ́, omi ọ̀hún sì wà níwájú mi, àmọ́ n ò lè fi dáhùn ìbéèrè tí wọ́n tìtorí rẹ̀ gún un. Ó máa ń dùn mí wọra.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Multiple sclerosis, tí gbogbo èèyàn ń pè ní MS, jẹ́ àìsàn tí àwọn sójà inú ara ti ń kọlu ara tó yẹ kí wọ́n máa ṣọ́. Myelin ni wọ́n ń bà jẹ́, ìyẹn ìbòrí ọlọ́ràá tó wé iṣan inú ọpọlọ, iṣan ojú, àti okùn iṣan tó gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn kọjá. Omi kan wà tó yí ọpọlọ àti okùn iṣan yìí ká, ó mọ́ gaara, kò ní àwọ̀ kankan. Nǹkan bíi mílílítà 150 ló máa ń wà lára àgbàlagbà lẹ́ẹ̀kan, ara sì ń ṣe tó 500 lójúmọ́, torí náà omi tuntun ló máa ń wà níbẹ̀ nígbà gbogbo. Ohun tó bá ń ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ sábà máa ń fi àmì sílẹ̀ nínú omi yìí.

Nínú MS, àwọn kan lára sójà ara máa ń tẹ̀dó sínú ọpọlọ àti àwọ̀ tó bò ó, wọ́n á sì máa pèsè áńtíbọ́dì, ìyẹn pròtéènì tí ara fi ń bá àrùn jà, níbẹ̀. Èyí tí a ń wá ni irú tó ń jẹ́ IgG. Àmọ́ IgG wà nínú ẹ̀jẹ̀ gbogbo wa, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì máa ń yọ́ wọ inú omi ọ̀pá ẹ̀yìn láìsí àìsàn kankan. Báwo la ṣe fẹ́ mọ èyí tó wọlé láti inú ẹ̀jẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ṣe nínú ọpọlọ? Ẹ fojú inú wò ó pé ẹ wà nínú yàrá, ẹ sì ń gbọ́ ariwo. Tẹ́ ẹ bá ṣí fèrèsé tí ariwo kan náà ń lọ níta, ìta ló ti wọlé. Tí ìta bá dákẹ́ rọ́rọ́, ẹni tó ń pariwo wà nínú yàrá. Ẹ̀jẹ̀ yín ni ìta yẹn. Ẹni tí kò gba ẹ̀jẹ̀ kò ṣí fèrèsé.

Ta ló nílò àyẹ̀wò yìí?

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí wọ́n bá fura sí ló gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ sí ẹ̀yìn. Ìtàn àìsàn náà ni dọ́kítà á kọ́kọ́ gbọ́, á yẹ ara wò, á sì ní kí wọ́n ya ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn pẹ̀lú MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara. Ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé kárí ayé ni McDonald criteria, tó kọ́kọ́ jáde lọ́dún 2001, tí wọ́n sì ti tún ṣe léraléra. Ohun tí ìlànà náà dúró lé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé kí ẹ̀rí wà pé àìsàn náà ti ṣọṣẹ́ níbi tó ju ẹyọ kan lọ, àti nígbà tó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kó má sì sí àìsàn míì tó lè ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà dáadáa.

Ẹ̀rí ti "ìgbà tó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ" ló máa ń ṣòro, ibẹ̀ sì ni omi ọ̀pá ẹ̀yìn ti wúlò jù lójú tèmi. Ká sọ pé ojú obìnrin kan ṣú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó ń dùn ún tó bá yí ẹyinjú, tó wá bọ̀ sípò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. MRI fi àpá hàn níbi méjì nínú ọpọlọ, àmọ́ kò sí ohun tó fi hàn pé ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn àpá náà wáyé. Láyé àtijọ́, wọ́n á ní kó lọ máa retí ìkọlù kejì. Àtúnṣe ọdún 2017 ló yí èyí padà: tí omi ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ bá ní ìlà IgG (àwọn ìlà tóóró tó máa ń yọ nínú àyẹ̀wò wa, màá ṣàlàyé wọn nísàlẹ̀) tí kò sí nínú ẹ̀jẹ̀, èyí lè dúró gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ìgbà. Kò tún sídìí láti jókòó máa dúró de kí ojú kejì ṣú tàbí kí ẹsẹ̀ kọ̀ láti rìn kí wọ́n tó fún un lóògùn. Àtúnṣe ti 2024, tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2025, tún tẹ̀ síwájú. Ó ka iṣan ojú mọ́ àwọn ibi tí wọ́n ń wá àpá sí, ó sì gba àyẹ̀wò kan tó ń jẹ́ kappa free light chain láyè pé kó ṣe iṣẹ́ tí ìlà ń ṣe. Màá padà sórí kappa yìí.

Àwọn míì tí àyẹ̀wò náà wúlò fún ni ẹni tí àìsàn náà ń burú sí i díẹ̀díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ láìsí ìkọlù, àti ẹni tí MRI rẹ̀ ò ṣe kedere, bóyá torí ọjọ́ orí tàbí torí ẹ̀jẹ̀ ríru tí òun náà máa ń fi àpá sínú ọpọlọ.

Kí wọ́n tó gún yín

Ẹ sọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò, pàápàá àwọn tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn bíi warfarin. Ẹ má dá a dúró fúnra yín o, dọ́kítà ló máa sọ ọjọ́ tí ẹ máa dá a dúró àti ọjọ́ tí ẹ máa padà sí i. Tí ẹ bá ní orí fífọ́ tó ń le sí i, tí ẹ ń bì, tàbí tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọ, ẹ sọ ọ́ jáde, torí wọ́n gbọ́dọ̀ mọ̀ pé kò sí ìfúnpá tó ga jù nínú agbárí kí wọ́n tó fa omi. Tí wọ́n bá ti ń fún yín ní sítẹ́rọ́ìdì, ẹ sọ èyí náà. Kì í sábà pa àwọn ìlà rẹ́, àmọ́ ó lè dín sẹ́ẹ̀lì inú omi náà kù.

Ohun tó máa ń ba àwọn èèyàn lẹ́rù jù ni pé abẹ́rẹ́ náà á gún okùn iṣan, wọn ò sì ní lè rìn mọ́. Ẹ fọkàn balẹ̀ lórí èyí. Lára àgbàlagbà, okùn iṣan náà máa ń parí níbi eegun kìíní tàbí ìkejì ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn. Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gún un, láàárín eegun kẹta sí ìkẹrin tàbí ìkẹrin sí ìkarùn-ún, níbi tó jẹ́ pé okùn tín-ín-rín tó léfòó nínú omi ló wà níbẹ̀, àwọn wọ̀nyí sì máa ń yẹra fún abẹ́rẹ́. Heinrich Quincke ní Jámánì ti ṣàlàyé ọ̀nà yìí láti ọdún 1891, wọ́n sì ń lò ó títí dòní.

Ìbéèrè kejì tí ẹ ní láti béèrè dá lórí abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀. Irú kan wà tí ẹnu rẹ̀ mú ṣánṣán tó ń gé àwọ̀ tó di omi náà mú, irú kejì sì wà tí ẹnu rẹ̀ rí róbótó díẹ̀, tó ń ya fọ́nrán àwọ̀ náà sọ́tọ̀ dípò kó gé e. Atraumatic ni wọ́n ń pe ìkejì yìí. Ìwádìí ti fi hàn kedere pé orí fífọ́ lẹ́yìn àyẹ̀wò kì í pọ̀ lára àwọn tí wọ́n lò ó fún, bẹ́ẹ̀ kò dín bí omi ṣe ń jáde kù. Ẹ sọ pé òun ni ẹ fẹ́. Kò sí ìwà àrífín nínú pé kí ẹ béèrè.

Wọ́n á ní kí ẹ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kí ẹ ká eékún mọ́ ikùn, kí ẹ tẹ orí ba, tàbí kí ẹ jókòó kí ẹ tẹ̀ síwájú. Bí ẹ bá ṣe ká kò tó ni àárín eegun ṣe ń ṣí tó. Wọ́n á fún yín ní abẹ́rẹ́ tó ń mú kí ibẹ̀ kú, ìyẹn ló máa ń ta jù. Lẹ́yìn náà, ẹ̀ẹ́ kàn mọ̀ pé nǹkan ń tì yín lẹ́yìn. Tí nǹkan bá jó yín lẹ́sẹ̀ fìrì bí ìgbà tí iná gbé èèyàn, ẹ sọ apá tó jẹ́, dọ́kítà á sì yí abẹ́rẹ́ náà padà díẹ̀. Omi tí wọ́n ń gbà kì í sábà ju mílílítà 10 sí 15 lọ, ara á sì dá a padà láàárín wákàtí mélòó kan.

Tí orí bá wá fọ́ yín lẹ́yìn rẹ̀, tó ń le tí ẹ bá dìde, tó sì ń rọlẹ̀ tí ẹ bá sùn, omi ló ń jò láti ojú ibi tí wọ́n gún. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń lọ fúnra rẹ̀. Sísùn gbalaja fún wákàtí púpọ̀ lẹ́yìn àyẹ̀wò kì í dènà rẹ̀, ohun yòówù tí wọ́n bá sọ fún yín. Tí kò bá lọ, wọ́n lè gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lápá yín kí wọ́n fi dí ojú ibẹ̀, ó sì máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ibà, ọrùn tó gan, ẹsẹ̀ tó ń kú, tàbí kí ìtọ̀ kọ̀ láti jáde kò jọ ti orí fífọ́ yìí rárá. Ẹ padà lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ohun tí a ń ṣe sí i

Sẹ́ẹ̀lì la kọ́kọ́ ń kà, a sì ń yára, torí sẹ́ẹ̀lì inú omi yìí kì í pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Láàárín wákàtí kan ló dára jù. Tí wọ́n bá gbé túùbù síbì kan títí di ìrọ̀lẹ́, iye tí a máa kà á kéré sí òótọ́. IgG ní tirẹ̀ kì í tètè bàjẹ́, òun lè dúró nínú fíríìjì.

Kíka ìlà ni apá tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ mi. Àkọ́kọ́, mo máa ń fi omi là ẹ̀jẹ̀ títí IgG inú rẹ̀ á fi dọ́gba pẹ̀lú ti omi ọ̀pá ẹ̀yìn, torí IgG inú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ jù ú lọ ní ìlọ́po ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Lẹ́yìn náà, màá kán méjèèjì sórí jẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, màá sì gba iná mànàmáná kọjá nínú rẹ̀. Pròtéènì kọ̀ọ̀kan á máa rìn títí á fi dé ibi tí agbára iná ò ti ní lè fà á mọ́, á sì dúró síbẹ̀. Tí mo bá gbé wọn sórí bébà tín-ín-rín tí mo kùn ún láwọ̀, IgG á fara hàn. Ti ara tó le máa ń dà bí òjìji tó tàn káàkiri, kò sí ìlà nínú rẹ̀, torí oríṣiríṣi IgG tí kò lóǹkà ló wà níbẹ̀. Àmọ́ tí ìdílé sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ bá jókòó sínú ọpọlọ tí wọ́n ń ṣe irú kan náà léraléra, ìlà tóóró tóóró á yọ, ó sì máa ń dúdú ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Ìwọ̀nyí ni wọ́n ń pè ní oligoclonal bands. Mo máa ń gbé bébà náà síwájú ìmọ́lẹ̀, mo máa ń ka ti omi, mo máa ń wo ti ẹ̀jẹ̀, ẹlòmíì á sì kà á lọ́tọ̀ láìmọ ohun tí mo kọ. Àwọn ìlà kan máa ń ràn dòò, àwọn míì sì máa ń rá bàìbàì débi pé èèyàn á rò pé ojú òun ló ń ṣe òun.

Bí a ṣe ń pín èsì náà nìyí. Irú kìíní: kò sí ìlà níbì kankan. Irú kejì: ìlà wà nínú omi, kò sí nínú ẹ̀jẹ̀. Irú kẹta: ìlà wà nínú méjèèjì, àmọ́ ti omi ní àlékún tí ẹ̀jẹ̀ kò ní. Irú kẹrin: ìlà kan náà ló wà nínú méjèèjì, ìyẹn ni pé ara gbogbo ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Irú karùn-ún: ìlà mélòó kan tó tò tẹ̀ léra wọn ní déédéé nínú méjèèjì, ìdílé sẹ́ẹ̀lì ẹyọ kan ló ń ṣe é nínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì ní láti wádìí ìyẹn lọ́tọ̀. Irú kejì àti ìkẹta ló ń tọ́ka sí ọpọlọ. Ìlà méjì ó kéré tán tí kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ la sábà ń béèrè fún kí a tó kọ ọ́ pé ó wà.

Ẹ wá rí i pé láìsí ẹ̀jẹ̀, n ò lè mọ irú kejì yàtọ̀ sí ìkẹrin.

Bí ẹ ṣe máa ka bébà èsì

Sẹ́ẹ̀lì funfun kì í sábà tó 5 nínú máíkírólítà kan lára ẹni tí ara rẹ̀ le. Nínú MS, ó lè ga díẹ̀, àmọ́ kì í sábà kọjá 50. Pròtéènì tó bá ju gíráàmù 1 lọ nínú lítà kan kò bá MS mu. Ṣúgà sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 ti inú ẹ̀jẹ̀, tó bá lọ sílẹ̀ gan-an, àkóràn tàbí nǹkan míì ni kí wọ́n máa wá.

Lẹ́yìn èyí, ẹ máa rí IgG index. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ pín IgG inú omi pẹ̀lú IgG inú ẹ̀jẹ̀, ẹ pín albumin (pròtéènì kan tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀) inú omi pẹ̀lú albumin inú ẹ̀jẹ̀, kí ẹ wá fi ìkejì pín èkíní. Albumin ló ń sọ bí nǹkan ṣe ń yọ́ wọlé láti inú ẹ̀jẹ̀ tó, torí ọpọlọ kì í ṣe albumin. Ká fi àpẹẹrẹ ṣe é: IgG omi jẹ́ mílígíráàmù 60 nínú lítà, ti ẹ̀jẹ̀ jẹ́ 10,000, ìyẹn 0.006. Albumin omi jẹ́ 200, ti ẹ̀jẹ̀ jẹ́ 40,000, ìyẹn 0.005. Ẹ fi 0.005 pín 0.006, ẹ rí 1.2. Ohun tó bá ti kọjá 0.7 la sábà ń kà sí pé ó ga, torí náà IgG ti pọ̀ ju èyí tó yẹ kó yọ́ wọlé lọ. Elvin Kabat àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ti rí i láti ọdún 1942 pé irú pròtéènì yìí máa ń pọ̀ nínú omi àwọn tó ní MS. Àmọ́ index lè wà níbi tó yẹ kó wà, síbẹ̀ kí ìlà yọ, torí náà ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi index nìkan parí ọ̀rọ̀.

Kappa index náà kò yàtọ̀, kappa la kàn fi rọ́pò IgG. Kappa jẹ́ ẹ̀yà kan lára áńtíbọ́dì tí sẹ́ẹ̀lì máa ń ṣe kù sílẹ̀. Tí kappa omi bá jẹ́ 3, tí ti ẹ̀jẹ̀ jẹ́ 15, ìyẹn 0.2. Ẹ fi 0.005 ti albumin pín in, ẹ rí 40. Iye tí ọ̀pọ̀ ń lò gẹ́gẹ́ bí ààlà ni 6.1. Ẹ̀rọ ló ń ka kappa, nọ́ńbà ló ń jáde, kò sí ojú èèyàn tó ń ṣiyèméjì lórí ìlà bàìbàì, inú mi sì dùn pé ìlànà tuntun ti gbà á wọlé. Ẹ kíyè sí i pé òun náà kò ṣeé ṣe láìsí ẹ̀jẹ̀.

Ẹ tún lè rí neurofilament light. Ó ń fi hàn pé àwọn fọ́nrán iṣan ń bàjẹ́, àmọ́ kò sọ ohun tó ń bà á jẹ́, ó sì máa ń pọ̀ bí èèyàn ṣe ń dàgbà. Kò lè sọ pé MS ni.

Tí ìlà bá wà, tí ìlà ò bá sì sí

Ìyá àgbà kan mú bébà ọmọ rẹ̀ wá bá mi rí. Ó ní, "Ọmọ mi, wọ́n ní wọ́n rí i. Ṣé ó ti parí náà nìyẹn?" Mo ní, "Rárá o, màmá. Ẹ jókòó ná. Kí ni MRI wí?" Wọn ò tíì ya MRI.

Nínú èèyàn 100 tó ní MS, ìlà máa ń yọ nínú nǹkan bí 85 sí 95, iye náà sì ń yàtọ̀ láàárín àwọn ẹ̀yà èèyàn. Àmọ́ ìlà máa ń yọ nínú àwọn àìsàn míì tó kan ọpọlọ: sífílísì tó ti wọ ọpọlọ, HIV, àrùn Lyme, lupus, sarcoidosis. Àwọn àìsàn méjì kan sì wà tó jọ MS gan-an, tí àwọn sójà ara tún ń kọlu iṣan ojú àti ọ̀pá ẹ̀yìn, NMOSD àti MOGAD, tí ìlà kì í sábà yọ nínú wọn. Ọdún 2004 ni wọ́n rí áńtíbọ́dì tó ń tọ́ka sí NMOSD, orúkọ ohun tó ń dojú kọ ni aquaporin-4. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ti dára jù láti wá a. Tí ojú méjèèjì bá ṣú pọ̀, tí àpá inú ọ̀pá ẹ̀yìn bá gùn gbọọrọ, tàbí tí èébì àti òsúkè ò bá dáwọ́ dúró, ẹ béèrè fún àyẹ̀wò aquaporin-4 àti MOG (èyí tó ń tọ́ka sí MOGAD), kí wọ́n má lọ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n máa pa làpálàpá. Àwọn oògùn kan tó ń ran ẹni tó ní MS lọ́wọ́ lè mú NMOSD burú sí i.

Tí ìlà ò bá sì yọ, ìyẹn ò fi hàn pé kò sí MS, pàápàá tí ó bá jẹ́ pé àìsàn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Tí MRI àti ìtàn àìsàn bá ṣe kedere, dọ́kítà lè sọ pé MS ni láìka ìlà sí. Ohun tí àìsí ìlà ń béèrè ni pé kí wọ́n tún ojú wò ó dáadáa.

Ẹ gba ẹ̀dà èsì náà kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Kó má jẹ́ "positive" nìkan ni wọ́n kọ. Ẹ ní kí wọ́n kọ irú èwo nínú márààrún, iye ìlà, àti nọ́ńbà albumin àti IgG ti omi àti ti ẹ̀jẹ̀. Àwọn ìlà yìí sábà máa ń wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, torí náà tí ẹ bá pààrọ̀ dọ́kítà, bébà tó pé yẹn ni ẹ máa gbé sílẹ̀ níwájú rẹ̀, kò sì ní sídìí kí wọ́n tún gún yín.